Ta Ni Onílù Ìrómi? Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Wo Ojú Omi

Àwọn àgbà ní ìrómi tó ń jó lójú omi, onílù rẹ̀ ń bẹ nísàlẹ̀ odò. Òwe ni, gbogbo wa la sì mọ ibi tí wọ́n ń lò ó sí: ẹni tí ẹ rí tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ní gbangba, ẹnì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń tì í. Ṣùgbọ́n ọmọ sáyẹ́ǹsì ni wá. Ẹ jẹ́ ká gbé ìtumọ̀ òwe sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, ká béèrè ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí gẹ́lẹ́: kí ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ìrómi tí kò fi rì? Kò lúwẹ̀ẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò wọ inú omi. Ó kàn ń sáré lórí rẹ̀ bí ẹni ń sáré lórí pápá ni.

Abẹ́rẹ́ ìránṣọ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bu omi tó mọ́ sínú abọ́, fi ègé tíṣù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gbé abẹ́rẹ́ lé e lórí jẹ́jẹ́, jẹ́ kí tíṣù rì lọ. Abẹ́rẹ́ á dúró sókè. Irin ni o! Irin wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po méje ó lé. Tó o bá wá kán ọṣẹ ìfọbọ́ ẹ̀kán kan ṣoṣo sínú abọ́ yẹn, wàá rí i bí abẹ́rẹ́ ṣe máa lọ sísàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ohun tó gbé e dúró ni ìwé Físíìsì wa ń pè ní surface tension. Nínú àkọsílẹ̀ yìí, èmi á máa pè é ní ìfà ojú omi. Bí omi bá wà ní 25°C, ìfà náà jẹ́ 0.072 newton fún mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀: abẹ́rẹ́ tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 4 ní ẹ̀gbẹ́ méjì tí omi ń dì mú, ìyẹn 0.08 mítà. Sọ ọ́ di ìlọ́po pẹ̀lú 0.072, ẹ máa rí 0.00576 newton. Agbára yẹn tó láti gbé nǹkan bí gíráàmù 0.6. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tó gùn tó bẹ́ẹ̀ kò sì tó gíráàmù 0.2. Àbí ẹ rí i? Ó ṣẹ́kù.

A ti kọ gbogbo èyí sínú nóòtù, a ti fa ìlà sí i nídìí. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni èyí tí kò sí nínú nóòtù: bí àwọn onímọ̀ ṣe ń wọ inú ojú omi yẹn, tí wọ́n ń wo mólékù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láì fi ojú rí ọ̀kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń lò, wọ́n á kọ́ omi kékeré kan sínú rẹ̀ tó ń fara wé omi gidi. Àfarawé ni mo máa pe iṣẹ́ náà.

Kí ló dé tí wọn ò kàn fi maikirosíkóòpù wò ó? Ẹ wo bí nǹkan ṣe kéré tó. Ẹ̀kán omi kan, tó jẹ́ mìlílítà 0.05, mólékù tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 1 tí òdo 21 tẹ̀ lé, ó tún lé. Mólékù kan fẹ̀ tó nǹkan bí nánómítà 0.3, nánómítà kan sì ni mìlímítà kan tí a pín sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan. Kì í ṣe pé ó kéré nìkan, kì í dúró sójú kan. Láàárín ìgbà tí o fi ṣẹ́jú, ó ti kọlu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ìgbà. Kámẹ́rà wo ló fẹ́ ya ìyẹn?

Mólékù omi ní ọ́síjìn kan láàárín, háídírójìn méjì ní ẹ̀gbẹ́, bí orí tó ní etí méjì. Wọn ò tò ní ìlà gbọọrọ; igun tó wà láàárín wọn jẹ́ 104.5°. Ọ́síjìn jẹ́ alágbára, ó ń fa elekitírọ́ọ̀nù sọ́dọ̀ ara rẹ̀, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di òdì díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ háídírójìn sì di rere díẹ̀. Òdì àti rere ń fa ara wọn, gbogbo wa la mọ ìyẹn. Bí mólékù kan bá pàdé òmíràn, háídírójìn ti ọ̀kan á fara mọ́ ọ́síjìn ti èkejì. Ìdè yìí ni wọ́n ń pè ní hydrogen bond. Mólékù kan lè ní irú ìdè bẹ́ẹ̀ mẹ́rin: ó na ọwọ́ méjì síta, ó sì gba ọwọ́ méjì mọ́ra. Nínú omi, mẹ́ta sí mẹ́rin ni ó sábà máa ń ní lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lókè pátápátá kò ní aládùúgbò lórí. Ọwọ́ tó nà sókè kò rí ẹni dì mú.

Ó dáa. Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe ń wọ ọ̀rọ̀ yìí?

Ẹ máa rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ bá gbọ́ ìdí rẹ̀. Òfin kejì Newton ni, F = ma, èyí tí wọ́n kọ́ wa ní SS1. Wọ́n á kọ́kọ́ to mólékù bíi 1,000 sínú àpótí kan, àpótí tó wà nínú ìṣirò nìkan, tí kò sí níbòmíràn. Kọ̀ǹpútà á ṣírò agbára tí átọ̀mù kọ̀ọ̀kan ń gbà láti ara gbogbo átọ̀mù yòókù. Bó bá ti mọ agbára, ó mọ bí ìyára ṣe máa yí padà. Bó bá ti mọ ìyẹn, ó lè sún átọ̀mù kọ̀ọ̀kan síwájú díẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò tún ṣírò agbára ní ipò tuntun, yóò tún sún wọn. Ó tán. Kò sí idán kankan níbẹ̀, iṣẹ́ aṣetúnṣe lásán ni.

Wàhálà ibẹ̀ ni iye ìgbà. Átọ̀mù inú omi ń gbọ̀n kíákíá tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí ìgbésẹ̀ kan kò fi gbọdọ̀ ju nǹkan bí femtosecond 1 tàbí 2 lọ. Femtosecond kan ni sẹ́kọ́ńdì kan tí a pín sí ọ̀nà mílíọ̀nù bílíọ̀nù kan, 1 tí òdo 15 tẹ̀ lé. Mólékù 1,000 ní átọ̀mù 3,000. Tí ẹ bá so wọ́n ní méjì méjì, ẹ máa rí nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin àtààbọ̀, tí kọ̀ǹpútà fẹ́ wò ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan (ọgbọ́n wà tí wọ́n fi ń dín in kù, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀). Ká ní kọ̀ǹpútà wa lè gbé ìgbésẹ̀ 1,000 nínú sẹ́kọ́ńdì kan. Kó tó lè fara wé omi fún sẹ́kọ́ńdì kan péré, yóò lo ọdún bí 31,700. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í gbìyànjú sẹ́kọ́ńdì kan. Nánósẹ́kọ́ńdì díẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, tó bá pọ̀, ọgọ́rùn-ún díẹ̀. Fún ojú omi, ó tó, nítorí pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀nà yìí ti pẹ́. Ní 1957, Berni Alder àti Thomas Wainwright ní Amẹ́ríkà lò ó fún bọ́ọ̀lù kéékèèké líle tó ń gbá ara wọn. Ní 1964, Aneesur Rahman, ọmọ Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ ní Argonne ní Amẹ́ríkà, fi átọ̀mù argon 864 ṣe é. Argon rọrùn, kò ní igun, kò ní òdì àti rere. Omi ló le. Ọdún 1971 ni Rahman àti Frank Stillinger ṣe ti omi jáde: mólékù 216 péré! Kíláàsì mẹ́rin nínú ilé-ìwé wa jù ú lọ. Síbẹ̀, láti ara 216 yẹn ni wọ́n ti rí bí omi ṣe ń so mọ́ ara rẹ̀ tó sì ń tú. Ó tó ọdún mẹ́wàá ó lé lẹ́yìn ìyẹn kí àwọn ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú omi pàápàá ṣe é, ní àwọn ọdún 1980.

Ibí yìí ló dùn mọ́ mi jù, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ. Mólékù 1,000 nínú omi gidi gba àyè tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ nánómítà 3.1, ní gígùn, ní ìbú, ní gíga. Tí ẹ bá gbé irú omi kékeré bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní dídá, apá ńlá nínú rẹ̀ ni yóò jẹ́ ojú, inú rẹ̀ yóò kéré. Kò ní jọ omi inú abọ́ rárá. Nítorí náà wọ́n dá ọgbọ́n kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi fóònù Nokia àtijọ́ ti dádì yín ṣe géèmù ejò, ẹ rántí pé lórí ìpele kan, bí ejò bá jáde ní ọ̀tún, á wọlé ní òsì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àpótí náà. Mólékù tó bá jáde ní ẹ̀gbẹ́ kan á wọlé ní òdìkejì, aládùúgbò ọ̀tún sì tún jẹ́ aládùúgbò òsì. Omi náà wá dà bí ẹni pé kò lópin ní ẹ̀gbẹ́.

Láti wá rí ojú omi, wọ́n á na àpótí náà sókè àti sísàlẹ̀, kó gùn tó nánómítà 9.3, kí omi wà láàárín bí ẹran láàárín búrẹ́dì, kí òfìfo wà lókè, kí òfìfo wà nísàlẹ̀. Ẹ kíyè sí i: ojú omi méjì ló jáde, ọ̀kan kọjú sókè, ọ̀kan kọjú sísàlẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé èyí nígbà tó ń ṣírò, ìdáhùn rẹ̀ á di ìlọ́po méjì.

Ẹ ó wá béèrè pé, afẹ́fẹ́ ńkọ́? A ní ojú omi pẹ̀lú afẹ́fẹ́, ẹ sì fi òfìfo síbẹ̀. Èmi náà béèrè, mo sì jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀. Òfìfo inú àpótí náà jẹ́ 3.1 × 3.1 × 6.2, ìyẹn nǹkan bí nánómítà oníhà-mẹ́ta 60. Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú yìí, àyè tó tó bẹ́ẹ̀ kò ní ju mólékù kan tàbí méjì lọ! Nínú omi, àyè kan náà á gba nǹkan bí 2,000. Ẹ ò rí i pé lójú mólékù omi, afẹ́fẹ́ àti òfìfo fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Wọn ò fi afẹ́fẹ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀lẹ.

Oruku omi ńkọ́, èyí tó ń fò kúrò lójú omi? Ó tún ṣọ̀wọ́n ju afẹ́fẹ́ lọ. Ní 25°C, oruku tó kún dé góńgó nínú àyè yẹn kò tó mólékù kan rárá. Bí ẹ bá yẹ àpótí náà wò nígbà 20, ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa bá mólékù kan níta. Kí mólékù kan tó lè já kúrò, àwọn aládùúgbò rẹ̀ gbọ́dọ̀ tì í lákòókò tó bọ́ sí i gẹ́lẹ́, kó lè fi agbára já gbogbo ìdè tó dì í mú. Àwọn tó yára jù ló ń lọ, àwọn tó lọ́ra ló ń kù. Òun ló fi jẹ́ pé omi inú àmù máa ń tutù: ara àmù ń jo omi díẹ̀díẹ̀, àwọn tó gbóná ń fò lọ.

Kí ni wọ́n wá rí nínú àpótí náà? Àkọ́kọ́, pé ojú omi kì í ṣe awọ. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó yàtọ̀ sí omi. Láti ibi tí omi ti kún dé ibi tí òfìfo ti bẹ̀rẹ̀ kò ju nǹkan bí nánómítà 0.3 sí 0.5 lọ, fífẹ̀ mólékù kan tàbí kó lé díẹ̀. Kò sì tẹ́ pẹrẹsẹ bó ṣe rí lójú wa. Ó ń ru sókè sódò bí omi ọ̀sà, ìgbì kéékèèké ni. Mólékù tó wà lókè nísinsìnyí, kó pẹ́ tó, ó ti wọlé, òmíràn ti gba ipò rẹ̀. Bí ọjà ni: àwọn tó wà níbẹ̀ ń yí padà, ọjà wà síbẹ̀.

Èkejì, ọwọ́ tí kò rí ẹni dì mú yẹn. Àfarawé fi hàn pé nínú mólékù mẹ́rin tó wà lójú omi, nǹkan bí ọ̀kan ní háídírójìn kan tó nà sínú afẹ́fẹ́ lásán. Ẹnikẹ́ni lè sọ pé kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀, ta ló rí i? Ní 1993, Y. R. Shen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berkeley, ní California, fi iná lésà oríṣi méjì tan ojú omi gidi. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé bí iná méjèèjì bá pàdé, iná kẹta máa ń jáde, ṣùgbọ́n láti ojú omi nìkan ló ti ń jáde, inú omi kì í dá sí i, torí pé nínú omi, àwọn mólékù kọjú sí gbogbo ọ̀nà, ìró wọn pa ara wọn rẹ́. Nínú iná kẹta yẹn ni wọ́n ti rí ohùn háídírójìn tí ẹnì kankan kò dì mú, tó ń gbọ̀n ní tirẹ̀. Wọ́n ṣírò iye rẹ̀: ó lé ní 20 nínú 100. Kọ̀ǹpútà àti lésà sọ ohun kan náà. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ti ń fọkàn tán àfarawé lórí ọ̀rọ̀ yìí, lójú tèmi ó sì tọ́.

Ẹ̀kẹta kan ìwé wa gan-an. Gbogbo wa la mọ àwòrán yẹn: mólékù inú omi ní ọfà yíká, mólékù ojú omi ní ọfà tó kọjú sísàlẹ̀ nìkan. Bí fífà náà bá jẹ́ sísàlẹ̀, kí ló dé tí ojú omi fi ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí awọ ìlù tí a so? Àwòrán yẹn ò sọ. Àfarawé sọ ọ́. Kọ̀ǹpútà á wọn ìtẹ̀ nínú àpótí ní ọ̀nà méjì, sókè-sódò àti sẹ́gbẹ̀ẹ́. Láàárín omi, méjèèjì dọ́gba. Sókè-sódò kò gbọdọ̀ yí padà bí ẹ ṣe ń súnmọ́ ojú omi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á tú ká. Ṣùgbọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ń yí padà gidigidi. Kí mólékù tó lè ti ara wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ fún mọ́ra. Lójú omi, àyè ti wà, títì dínkù púpọ̀. Fífà kò dínkù tó bẹ́ẹ̀, torí ó ń ṣiṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀. Fífà wá borí títì, àmọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan. Òun ni ìfà ojú omi. Ẹ mọ bó ṣe lágbára tó? Tí a bá pín 0.072 newton fún mítà yẹn sórí fífẹ̀ nánómítà 0.4, ó jẹ́ ìlọ́po 1,800 ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ tó wà lórí wa. Onílù ìrómi nìyẹn, kò tilẹ̀ wà nísàlẹ̀ odò, abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an ló wà. (Ẹ jọ̀ọ́, tí WAEC bá béèrè, ẹ ya àwòrán ọlọ́fà yẹn fún wọn o.)

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í mọ omi fúnra rẹ̀. Èèyàn ló ń sọ fún un pé báyìí ni mólékù omi ṣe rí, òun á sì gbà bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ irọ́. Àpẹẹrẹ kan ni SPC/E, tí Herman Berendsen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Groningen, ní Nẹ́dálándì, gbé jáde ní 1987. Wọ́n fún ọ́síjìn ní −0.8476, wọ́n fún háídírójìn kọ̀ọ̀kan ní +0.4238. Ẹ so wọ́n pọ̀, òdo ni. Igun tí wọ́n lò jẹ́ 109.47°, kì í ṣe 104.5°. Wọ́n mọ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, nítorí pé omi tó jáde níbẹ̀ jọ omi gidi ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni TIP3P wà, láti ọwọ́ William Jorgensen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1983, àti TIP4P/2005 tí Abascal àti Vega ṣe ní Madrid.

Ẹ wá bi wọ́n léèrè ìfà ojú omi. Omi gidi, bí a bá ka nọ́ńbà náà ní mìlínewton fún mítà, jẹ́ nǹkan bí 72. TIP4P/2005 máa mú 69 wá. SPC/E á mú nǹkan bí 64. TIP3P á mú nǹkan bí 52. Ẹ tún un kà: 52! Tó bá jẹ́ ìdánwò, ó ti sọ nǹkan bí máàkì 20 nù nínú 72, bẹ́ẹ̀ òun ni àwọn tó ń fara wé purotéènì àti ọ̀rá inú ara ń lò jù, nítorí pé ó yá lórí kọ̀ǹpútà, gbogbo irinṣẹ́ wọn ni wọ́n sì ti kọ́ mọ́ ọn. Èmi ò bá wọn jà. Fún inú omi, ó ń gbìyànjú. Fún ojú omi, kò dáa.

Ẹ lè ní kí ló kàn wá, ṣé torí ìrómi la fẹ́ bá nọ́ńbà jà? Rárá o. Ojú omi tó ṣe pàtàkì jù fún yín kò sí nínú odò, inú àyà yín ló wà.

Ẹ̀dọ̀fóró ní àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké, ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ni wọ́n, inú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tutù, omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Ojú omi yẹn ń fà, ó fẹ́ fún àpò náà pa. Ìṣirò rẹ̀ ò le: ìfà lọ́nà méjì, pín in sí rédíọ́ọ̀sì àpò. Bí rédíọ́ọ̀sì bá jẹ́ mìlímítà 0.1, tí omi náà bá jẹ́ omi lásán, ìtẹ̀ tí a nílò láti ṣí i sílẹ̀ jẹ́ 2 × 0.072 ÷ 0.0001, ìyẹn 1,440 paska, bí ìgbà tí èèyàn ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú páìpù wọ omi tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ máa ṣe é ní gbogbo ìmí, tọ̀sántòru, kí ẹ wá jẹ́ ọmọ tuntun tí kò tó ìgò omi méjì ní ìwúwo.

Kì í rí bẹ́ẹ̀ fún wa nítorí pé ẹ̀dọ̀fóró ń ṣe ọṣẹ tirẹ̀. Ọ̀rá ni, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni wọ́n ń gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí DPPC. Orí rẹ̀ fẹ́ràn omi. Ìrù rẹ̀ méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kábọ́ọ̀nù 16, kórìíra omi, wọ́n a nà sínú afẹ́fẹ́. Ó ń tò sójú omi bí èrò nínú mọ́ṣáláṣí ọjọ́ Jímọ̀, ó sì ń pa ìfà omi kú. Bí a bá ń mí sóde, tí àpò ń kéré sí i, ọ̀rá náà á fún mọ́ra, ìfà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dòdo. Ọmọ inú oyún kì í ní èyí tó pọ̀ tó títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 34 sí 35. Ọmọ tí wọ́n bá bí ṣáájú ìgbà náà lè máa mí gúlegúle, kí ihà rẹ̀ máa wọlé, kó rẹ̀ ẹ́, kó kú láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Nílé wa níbí, àwọn kan á ní àbíkú ni. Kì í ṣe àwa nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1963, Patrick, ọmọ Ààrẹ Kennedy ti Amẹ́ríkà, kú lọ́wọ́ àìsàn yìí kan náà, ẹni wákàtí 39. Agbára bàbá rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́.

Mary Ellen Avery àti Jere Mead ti fi hàn ní 1959 pé ọṣẹ ẹ̀dọ̀fóró ló ń wọ́n irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó di 1980 kí Tetsurō Fujiwara ní Japan tó gba ọṣẹ láti ara ẹ̀dọ̀fóró màlúù, tó sì fi sí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ 10. Ó ṣiṣẹ́. Oògùn náà wà títí di òní, àmọ́ owó rẹ̀ pọ̀, ara ẹranko ni wọ́n sì ti ń mú ọ̀pọ̀ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá èyí tí wọ́n lè pò fúnra wọn.

Níbi tí àfarawé ti wọlé nìyí. Àpótí kan náà: omi láàárín, òfìfo lókè àti nísàlẹ̀, àmọ́ wọ́n á wá to DPPC sí ojú omi méjèèjì, ìrù síta. Wọ́n á fún àpótí náà pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ bí ìgbà tí àyà ń mí sóde, wọn á wo bí àwọn ìrù ṣe ń tò, ìgbà wo ni wọ́n ń wó lu ara wọn, kí ni kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ń ṣe láàárín wọn, kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí èérún kábọ́ọ̀nù bá bọ́ sí i, irú èyí tó ń jáde lẹ́nu jẹnẹrétọ̀. Ẹ wá padà rántí 52 yẹn. Ẹni tó bá fi TIP3P ṣe omi rẹ̀, ìfà 20 ti sọnù kó tó fi DPPC ẹyọ kan sí i. Yóò rò pé ọ̀rá ló ṣiṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé omi rẹ̀ ni kò lágbára látìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi kọ́kọ́ máa ń fi omi lásán dán àpótí wọn wò, tí wọ́n sì ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ síta kí gbogbo ayé rí i.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ náà wà, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn ìwé ti ń sọ pé iyọ̀ tó yọ́ sínú omi kì í dé ojú omi pátápátá. Láàárín 2000 sí 2001, àfarawé Pavel Jungwirth àti Douglas Tobias fi hàn pé àwọn tó tóbi, bíi bromide àti iodide, máa ń wá sójú omi. Ó kan afẹ́fẹ́ etí òkun, nítorí pé lójú ẹ̀kán omi iyọ̀ tó ń fò kúrò lára ìgbì ni chlorine ti ń bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí bó ṣe pọ̀ tó.

Fún ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é: GROMACS, tó bẹ̀rẹ̀ ní Groningen yẹn náà, àti LAMMPS, tó wá láti Sandia ní Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Láptọ́ọ̀pù lásán lè gbé mólékù omi 1,000. Ẹ lo SPC/E tàbí TIP4P/2005, ìgbésẹ̀ femtosecond 2, kí ẹ jẹ́ kó ṣe nánósẹ́kọ́ńdì mélòó kan. Ọ̀kan péré jẹ́ ìgbésẹ̀ 500,000. Ẹ má gba nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó bá jáde gbọ́, nítorí nínú àpótí kékeré, ìtẹ̀ máa ń fò sókè sódò ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlọ́po ìtẹ̀ afẹ́fẹ́, ìgbà tí ẹ bá fi àkókò púpọ̀ ṣe ìpíndọ́gba ni ìdáhùn ń fara balẹ̀. Ẹ sì rántí pín in sí méjì, torí ojú omi méjèèjì. Ẹgbẹ́ wa ti tọrọ àyè lọ́wọ́ tíṣà kọ̀ǹpútà fún ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ti iná NẸPA, ìyẹn la ò lè ṣírò.